Wọ́n ti gbé ẹṣin tó ní àrùn lọ, àmọ́ ìsémọ́ ọgbà kò tíì parí

Ní Amẹ́ríkà, bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ẹṣin kan ní àrùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní EIA, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin ẹṣin gbà pé ẹṣin yẹn nìkan ni òfin mú. Wọ́n á ní ẹ pa á tàbí kí ẹ gbé e kúrò, ẹ sun koríko tó ń sùn lé, ẹ fi oògùn apakòkòrò fọ ògiri, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọgbà náà ni dókítà ẹran ìjọba ìpínlẹ̀ ń sé mọ́. Ẹṣin, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ìbaaka tó bá wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde láìsí ìwé àṣẹ, títí kan èyí tí ara rẹ̀ le koko.

Ògiri kọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ọṣẹ àti oògùn apakòkòrò tètè ń pa fáírọ́ọ̀sì tó ń fa EIA. Inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ló ń gbé, kì í sì í kúrò níbẹ̀ títí ẹṣin yóò fi kú. (Kì í ran ènìyàn.) Eṣinṣin ńlá tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e kiri: ìgéjẹ rẹ̀ máa ń dun ẹṣin, ẹṣin á ju ìrù, eṣinṣin á fò, á sì lọ parí oúnjẹ rẹ̀ lára ẹṣin tó bá sún mọ́ ọn jù, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tútù lẹ́nu. Ibẹ̀ ni yáàdì 200 tí òfin ní kí ó wà láàárín ẹṣin tó ní àrùn àti ẹṣin mìíràn ti wá, ìyẹn bíi mítà 183. Bí ẹṣin bá jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí ara wọn, ó ṣọ̀wọ́n kí eṣinṣin ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ẹṣin aládùúgbò tó bá wà láàárín àyè yẹn náà yóò ṣe àyẹ̀wò.

Ẹni tí kò bá fẹ́ pa ẹṣin rẹ̀ lè tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò gba àmì tí kò ní parẹ́, irú bíi nọ́ńbà tó ní lẹ́tà A lẹ́yìn, tí wọ́n fi iná tẹ̀ sí ọrùn lápá òsì. Yóò sì wà ní yáàdì 200 sí gbogbo ẹṣin mìíràn títí ayé rẹ̀. Ilẹ̀ kékeré kò lè gba ìyẹn.

Iye ọjọ́ ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú jù. Àyẹ̀wò Coggins tí wọ́n fi ń mọ ẹṣin tó ní EIA, tí Leroy Coggins gbé jáde ní 1970, kì í wá fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ọmọ ogun tí ara ẹṣin gbé dìde láti bá a jà ló ń wá. Ó lè tó ọjọ́ 45, nígbà mìíràn 60, kí ìwọ̀nyí tó pọ̀ tó láti hàn. Ẹṣin tí eṣinṣin gbé àrùn fún lánàá yóò yege lónìí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tún gbogbo wọn yẹ̀ wò, ó kéré tán ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí èyí tó ní àrùn ti kúrò. Ẹ má ka ọjọ́ láti ìgbà tí ìwé ìsémọ́ dé o! Bí ẹ bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ronú lórí ẹṣin aláìsàn náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn kò sí nínú ìṣirò. Bí òmíràn bá tún ní àrùn, ẹ padà sí ọjọ́ kìíní.

Kí ẹ tó dé ọjọ́ àyẹ̀wò kejì náà, abẹ́rẹ́ kan, sírínjì kan, fún ẹṣin kan. Abẹ́rẹ́ àlòtúnlò ti tan EIA káàkiri láàárín ẹṣin eré ìje tí kò gbàṣẹ. Ìgò oògùn tí abẹ́rẹ́ àlòtúnlò bá ti wọ̀, ẹ dà á nù pátá. Ẹ̀jẹ̀ lè ti wọ inú rẹ̀. Fáìlì tí wọ́n fi ń rá eyín ẹṣin, tó bá kan ẹ̀jẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sínú apakòkòrò. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹṣin tó wọlé àtèyí tó jáde, ọjọ́ tó jáde àti ibi tó lọ, nítorí wọ́n máa wá a lọ síbẹ̀.

Bí èsì kejì bá dé, tí gbogbo wọn yege, ẹ má tíì gbé ẹṣin sínú ọkọ̀. Èsì àyẹ̀wò kì í ṣe ìwé ìtúsílẹ̀; ọ́fíìsì tó sé ọgbà mọ́ ló ń kọ ìyẹn, ìgbà tó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni géètì tó lè ṣí.