Gíráàmù 21 Kì í Ṣe Ìwúwo Ẹ̀mí Ènìyàn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí ènìyàn bá ti mí èémí ìkẹyìn, gíráàmù 21 máa ń dín kù lára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àti pé ohun tó dín kù náà ni ẹ̀mí tó jáde lọ. Wọ́n á ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló wọ̀n ọ́n, pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ìgbàgbọ́ lásán. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpùrọ́, nítorí ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá tọpasẹ̀ iye náà dé orísun rẹ̀, ara ẹnì kan ṣoṣo ni a ó ti bá a.

Oníṣègùn kan ní ìlú Haverhill, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, Duncan MacDougall, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ọdún 1901. Èrò rẹ̀ ni pé bí ẹ̀mí bá jẹ́ ohun tó ń gba àyè nínú ara, ó yẹ kí ó ní ìwúwo, àti pé bó ti wù kí ìwúwo náà kéré tó, ìwọ̀n yóò fi í hàn nígbà tí ó bá kúrò. Ó gbé ibùsùn kan ka orí ìwọ̀n ńlá, ó ń tẹ́ àwọn aláìsàn tí ikú wọn ti sún mọ́lé sórí rẹ̀, ó sì ń ṣọ́ ọ̀pá ìwọ̀n náà títí wọ́n fi kú. Aláìsàn 6 ni gbogbo wọn, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló sì ń ṣe 4 nínú wọn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ wá àwọn tí àìsàn ti tán lókun ni, nítorí ẹni tó bá ń jà pìtìpìtì lórí ibùsùn yóò da ìwọ̀n rú. Ní tèmi, ìbéèrè rẹ̀ kò burú, ó sì gbìyànjú láti ṣọ́ra. Ìdáhùn tí àwọn ènìyàn sọ pé ó rí ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 40 ni ó fi ṣọ́ aláìsàn àkọ́kọ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, ara ọkùnrin náà ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, ní nǹkan bí áúnsì kan (bíi gíráàmù 28) ní wákàtí kan, nítorí omi tó ń bá èémí àti òógùn lọ, MacDougall sì ka èyí sí. Bí ọkùnrin náà ti kú, ọ̀pá ìwọ̀n já wálẹ̀ lójijì. Ohun tó dín kù jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin áúnsì kan, èyí tí í ṣe gíráàmù 21 àti díẹ̀. Ibẹ̀ ni iye tí gbogbo ayé ń pè ti wá.

Àwọn márùn-ún yòókù ni kò sẹ́ni tó ń dárúkọ. Ní ti ẹnì kejì, nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 ni oníṣègùn náà kò fi lè sọ pàtó ìgbà tó kú. Ara ẹnì kẹta dín ní ìdajì áúnsì bó ti kú, ó sì tún dín ní áúnsì kan sí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ìdínkù àkọ́kọ́ bá jẹ́ ẹ̀mí, kí ni ìdínkù ẹlẹ́ẹ̀kejì? Ìwọ̀n kò tíì tò dáadáa fún ẹnì kẹrin, àwọn tó lòdì sí iṣẹ́ náà sì ń dá wọn lọ́wọ́ kọ́. Ẹnì karùn-ún dín ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ áúnsì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún ìwọ̀n náà yẹ̀ wò, ó ṣe ségesège fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ẹnì kẹfà kú kí wọ́n tó to ìwọ̀n tán. MacDougall fúnra rẹ̀ yọ 2 dànù nínú àwọn 6 yìí, àwọn 4 tó ṣẹ́kù kò sì fẹnu kò lórí iye tó dín kù tàbí ìgbà tó dín kù.

Ìwọ̀n ọ̀hún kò lè fi ìyàtọ̀ tó bá kéré sí nǹkan bí gíráàmù 5 àti ààbọ̀ hàn dáadáa, èyí tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin gíráàmù 21 lọ. Bákan náà, ikú kì í ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan: ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ kì í dákẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní ọdún 1907, oníṣègùn mìíràn, Augustus P. Clarke, sọ pé bí mímí bá dáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ kò tún tu ẹ̀jẹ̀ lára mọ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró, ara á gbóná, òógùn á sì jáde. MacDougall kò gbà fún un, àwọn méjèèjì sì fa ọ̀rọ̀ náà. A kò nílò láti dá ẹjọ́ wọn kí a tó rí i pé iye mẹ́rin tí kò bára mu kò lè di òfin.

Ọ̀rọ̀ àwọn ajá ló dùn mí jù. MacDougall tún wọn ajá 15 nígbà tí wọ́n ń kú, kò sí èyí tí ìwúwo rẹ̀ yí padà, àwọn kan sì ń fi èyí kéde pé ajá kò ní ẹ̀mí. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé òun kò rí ajá tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀ bí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, nítorí náà àfiwé náà kò dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀. Ajá kì í sì í làágùn ní gbogbo awọ ara bí ènìyàn. Ó máa ń mí hẹlẹhẹlẹ ni.

Èyí kò sọ pé ẹ̀mí kò sí. Ẹni tó gbà pé ó wà kò pàdánù ohunkóhun bí gíráàmù 21 bá lọ, nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti wà tipẹ́ kí ìwọ̀n yẹn tó dé. Ẹni tí kò gbà náà kò sì lè fi ìdánwò tó mẹ́hẹ gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ ọdún 1907 yẹn kan náà, MacDougall kọ ọ́ pé òun mọ̀ pé ìdánwò púpọ̀ sí i ni a gbọ́dọ̀ ṣe kí a tó lè ka ọ̀rọ̀ náà sí òótọ́ láìsí àṣìṣe. Àwọn tó ń pín iye náà kiri kì í pín gbólóhùn yẹn mọ́ ọn.