Koríko tó wà láàárín pọ́ṣọ̀n méjì

Bí wọ́n bá ti ní ojúṣe ọmọ orílẹ̀-èdè kò yé àwọn ọmọ ìwòyí mọ́, ẹnìkan á ní wọn ò mọ ìbúra kà ni. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bíni nínú. Láti 1976 tí ìbúra tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Felicia Adédoyin kọ ti wọ ilé ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, àìmọye ọmọ ló ti gbé ọwọ́ lé àyà, tó kà á látòkèdélẹ̀ láìṣì í. Orin orílẹ̀-èdè pàápàá yí padà sí ti àtijọ́ ní 2024, àwọn ọmọ sì há a sórí kíákíá. Ẹnu ni gbogbo èyí ń kọ́. Ohun tó ń kọ́ ọwọ́ wà lẹ́yìn kíláàsì, nínú koríko.

Abala 24 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ka ojúṣe aráàlú sílẹ̀. Ọ̀kan níbẹ̀ ni pé kí oníkálukú ṣe ohun tó wúlò fún ìlọsíwájú àdúgbò tó ń gbé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kọ́kọ́ fojú rí gbólóhùn yẹn ni pọ́ṣọ̀n, ìyẹn ìwọ̀n koríko tí wọ́n pín fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láti ṣán nílé ẹ̀kọ́.

Tí wọ́n bá fi máa wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, òjò á ti gbé koríko dé orúnkún. Pírífẹ́ẹ̀tì lébọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń darí iṣẹ́ àyíká, á máa fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀: ẹsẹ̀ mẹ́wàá fún lágbájá, mẹ́wàá fún làkáṣègbè. (Bí bàtà pírífẹ́ẹ̀tì bá gùn, àwọn JSS1 gbé.) Ẹnìkan á so koríko ní kókó ṣe àmì, ẹlòmíràn á ri igi mọ́lẹ̀, ẹlòmíràn á bọ́ sáńdàlì kan síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣán an kò gba àlàyé: àdá ni, ẹ̀yìn títẹ̀ ni, àtẹ́lẹwọ́ tó lé ròrò ni. Ààlà ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọmọ kì í bẹ̀rẹ̀ láti ààlà. Àárín ló ń kọjú sí, torí ibẹ̀ ló dá a lójú pé tòun ni. Bó bá ti ń súnmọ́ etí, á máa ṣọ́ra kó má lọ bá ẹni ẹlẹ́ni ṣiṣẹ́. Ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ń ṣọ́ra bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá nàró, ìlà koríko kan á dúró gbọnrangandan láàárín wọn bí àásó lórí ẹni tí wọ́n fá. Bi wọ́n léèrè, wọ́n á nawọ́ síra wọn. Kò sì sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn.

Ohun tí wọ́n bá fi àásó yìí ṣe ló ń pinnu ẹ̀kọ́ tí ọmọ máa mú lọ. Bí tíṣà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bá ní kí kálukú dáhùn fún tiẹ̀, àásó á wà níbẹ̀ títí sáà á fi parí. Bó bá ní kí àwọn méjèèjì lọ kúnlẹ̀, tó bá dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kálukú á ṣán kọjá ààlà díẹ̀, nítorí orúnkún rẹ̀. Èyí tó gbọ́n jù ni kí wọ́n ní ẹnì kankan ò ní kúrò lórí pápá títí gbogbo rẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tó tètè parí á rí i pé òun ò tíì bọ́, á gbé àdá lọ bá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò yá.

Àásó yìí kì í tán nílé ẹ̀kọ́. Ẹ wo gọ́tà láàárín ilé méjì ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Onílé kìíní á kó ẹrẹ̀ dé ibi tí ògiri rẹ̀ pin, ìkejì á bẹ̀rẹ̀ níbi tí tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rá omi á sì jókòó sáàárín. Òjò ò ní béèrè ààlà kó tó wọ pálọ̀ àwọn méjèèjì. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòpin ní 2016 sí ìséde Sátidé yẹn, tí kì í jẹ́ kí ènìyàn jáde kí wọ́n lè tún àyíká ṣe, àwọn kan pariwo pé ìdọ̀tí á bo ìlú. Àásó ti wà nínú gọ́tà nígbà tí ìséde ṣì wà o.

Ká padà sí pápá. Ètò yìí ní àléébù ńlá kan: pọ́ṣọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ tó bá pẹ́ dé níyà. Lọ́jọ́ Ẹtì, iṣẹ́ gbogbo wa ni. Lọ́jọ́ Ajé, ìyà ni. Àdá kan náà, koríko kan náà. Lójú ọmọ, ẹni tó bá ń tún àyíká ṣe ti ní láti ṣẹ̀ ẹnìkan. Síníọ̀ tó bá sì gbé pọ́ṣọ̀n tiẹ̀ lé júníọ̀ lọ́wọ́ ti kọ́ ọ pé ipò ni wọ́n fi ń bọ́ lọ́wọ́ ojúṣe.

Àwọn pírífẹ́ẹ̀tì kan wà tó jẹ́ pé bí iṣẹ́ bá ti wọra, wọ́n á rìn yíká, wọ́n á tú kókó, wọ́n á fa igi tu, kò ní sí ẹni tó tún mọ ibi tí tiẹ̀ pin. Àwọn ọmọ méjì á máa ṣán bọ̀ wá pàdé. Àmọ́ àdá méjì ò ṣeé jù súnmọ́ra, ó lè ba ẹni lẹ́sẹ̀. Ìlà tó bá kù sáàárín, ọwọ́ ni wọ́n á fi fà á tu, àwọn méjèèjì lórí ìkúnlẹ̀, tí ewé èékan ń ya wọ́n níka.