Wehrmacht Ọlọ́wọ́ Mímọ́: Kí Ni Wọ́n Ń Pè Bẹ́ẹ̀?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ nípa ìtàn ra ìwé àlòkù kan nítòsí Ọjà Ọba, níbí ní Àkúrẹ́. Erich von Manstein, ọ̀gágun Jámánì nígbà ogun Hitler, ló kọ ọ́. Ó kà á tán, ó ní: "Àǹtí mi, akin ni bàbá yìí o, kò sì ṣe ìkà kankan."

Ó ká mi lára, nítorí ohun tó gbà gbọ́ yẹn ni àwọn òpìtàn ń pè ní ìtàn "Wehrmacht ọlọ́wọ́ mímọ́". Wehrmacht ni orúkọ àwọn ológun Jámánì ìgbà náà. Wọ́n ní àwọn kàn jagun ni, pé Hitler àti àwọn SS, ẹgbẹ́ ológun ti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, ló pa àwọn Júù àti ará ìlú. Irọ́ ni. Ìwé ìrántí àwọn ọ̀gágun wà lára ohun tó tàn án kálẹ̀: ti Guderian jáde ní 1951, ti Manstein ní 1955.

Ṣùgbọ́n ní 20 Oṣù Kọkànlá 1941, Manstein yìí kan náà fọwọ́ sí àṣẹ pé kí ṣọ́jà mọ̀ pé ìyà líle tọ́ sí àwọn Júù. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn SS pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún Júù ní ìlú Simferopol ní Crimea, tó wà níkàáwọ́ ọmọ ogun rẹ̀, àwọn ọmọ ogun náà sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n bọ́ aago ọwọ́ àwọn tí wọ́n pa, wọ́n sì kó lára rẹ̀ fún àwọn ológun náà. Lẹ́tà ọ̀rọ̀ aago yẹn ṣì wà dòní. Aago tí ẹnì kan wò láàárọ̀ ọjọ́ ikú rẹ̀! Ìwé Manstein kò sọ nǹkan kan nípa ìpakúpa náà. Ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Hamburg rán an lẹ́wọ̀n ọdún 18 ní 1949. Ní 1953 ó ti jáde.

Kí ló dé tí ayé gbà wọ́n gbọ́? Amẹ́ríkà ń wá ẹni tí yóò bá a dojú kọ Rọ́ṣíà, wọ́n sì gbé iṣẹ́ kíkọ ìtàn ogun náà fún àwọn ọ̀gágun yìí fúnra wọn, Franz Halder ni aṣíwájú. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ìgbà tí wọ́n pàtẹ fọ́tò ìwà ibi náà ní Hamburg ní 1995 ni ọ̀pọ̀ ará Jámánì tó fojú ara wọn rí i.

Mo fún ọmọ náà ní pẹ́ńsù, kó fi sàmì sínú ìwé náà. Mo ní tí wọ́n bá ṣẹ́gun, kó wò ó bóyá "mo" ni bàbá náà ń sọ. Tí èèyàn bá kú, kó wò ó bóyá ó ti di "wọ́n", tàbí kò tiẹ̀ sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó ti padà sí orí tó sọ nípa Crimea.