Iná Ń Wọlé, Fọ́tò Kò Dé: Kì Í Ṣe Gbogbo Wáyà Ló Ń Gbé Àwòrán

Bí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ẹgbẹ́ a máa wá ya fọ́tò ẹgbẹ́jọdá ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n fẹ́ràn kí fọ́tò máa hàn lórí kọ̀ǹpútà bí a ṣe ń yà á, kí ìyá ẹgbẹ́ lè tètè rí i bí gèlè òun bá wọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọṣẹ́ á sáré wá: "Ọ̀gá, fọ́tò kò wọlé, ihò tí a ń ki wáyà bọ̀ lára kámẹ́rà yìí ti kú." Ó ní wáyà kò ní nǹkan kan, ṣebí iná ṣájà ń tàn.

Iná tó ń tàn yẹn ló ń tàn wọ́n jẹ. Nínú wáyà USB 2.0, irú èyí tí a fi ń so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà, okùn tín-ín-rín mẹ́rin ló yẹ kó wà. Pupa àti dúdú ló sábà ń gbé iná, funfun àti àwọ̀ ewé ló ń gbé fọ́tò. Àwọn wáyà pọ́ọ́kú tó ń bá tọ́ọ̀ṣì àti fáànù kékeré wá, púpọ̀ nínú wọn kò ní ju ti iná lọ. Mo fi abẹ la ọ̀kan lójú ọmọṣẹ́ mi: pupa, dúdú, ó tán. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì.

Ẹ má la tiyín o. Ẹ fi so fóònù Android mọ́ kọ̀ǹpútà. Bó bá ń gba iná ṣùgbọ́n tí kò sí ibi tí ẹ ti lè yàn pé kó gbé fáìlì, ẹ fura sí wáyà náà.

Gígùn náà lẹ́jọ́. Mítà 5 ni òpin wáyà USB 2.0, ẹni tó bá so méjì-mẹ́ta pọ̀ kó lè ya fọ́tò láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ń wá wàhálà.

Bí wáyà bá pé tí kámẹ́rà ṣì ń ṣagídí, ẹ wo inú menu rẹ̀. Sony tó wà lórí Mass Storage ń ṣe bíi fláàṣì lásán. PC Remote ni kẹ́ ẹ yàn, kí kọ̀ǹpútà lè máa gba fọ́tò bí ẹ ṣe ń yà á. Canon ní áàpù tirẹ̀ fún iṣẹ́ yìí lórí kọ̀ǹpútà, EOS Utility, Nikon ní NX Tether, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ má fi Lightroom, áàpù tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, gba fọ́tò láti inú kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á máa du kámẹ́rà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ihò kámẹ́rà máa ń kú lóòótọ́ ṣá. Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, agbádá ló pa á: bàbá kan ń kọjá lọ, agbádá kọ́ wáyà, wáyà fa ihò ya. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń so wáyà mọ́ ẹsẹ̀ sítáǹdì, tí mo sì ń jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀ lẹ́nu ihò, kí n tó pe ẹnikẹ́ni wọlé.