BCG kọ́ ló ń ti jẹjẹrẹ wọnú ẹran àpò ìtọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Tí dókítà bá ti ní kí ẹni tó ní jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ wá gba BCG, ẹnìkan á yọjú á ní "má gbà á o, ṣe ló máa ń jí jẹjẹrẹ, á wá wọnú lọ pátápátá". Irọ́ ni o.

BCG yìí náà ni wọ́n ń gún àwọn ọmọ tuntun lápá, èyí tó máa ń dá àpá sílẹ̀ yẹn. Kòkòrò kan tó bá ti ikọ́ ẹ̀gbẹ tan ni, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Calmette àti Guérin, ní ilẹ̀ Faransé fi ọdún 13 tọ́ títí agbára ẹ̀ fi rọ̀. Dókítà Morales ní Kánádà ló wá gbé e jáde lọ́dún 1976 pé òun lò ó fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń dà á sínú, ẹ máa mú un mọ́ra bíi wákàtí 2 kẹ́ ẹ tó tọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6, àwọn sójà ara á wá rọ́ dé torí kòkòrò yẹn, wọ́n á sì kọlu jẹjẹrẹ tó wà lójú awọ inú níbẹ̀.

Ìjà yẹn ló ń dẹ́rù ba èèyàn. Ìtọ̀ á máa ta yín, ẹ ó máa tọ̀ léraléra, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè hàn, ara lè gbóná fún ọjọ́ kan sí méjì, wọ́n á wá ní jẹjẹrẹ ló ń gbẹ́ ihò lọ. Ara ló ń jà o. Àmọ́ tí ibà líle bá mú yín tí kò lọ, ẹ tètè padà sí ọsibítù, torí nígbà mìíràn kòkòrò yẹn lè bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Lọ́dún 2002 wọ́n kó àbájáde ìwádìí 24 pọ̀: nínú ọgọ́rùn-ún tó gba BCG, bíi 10 ni tiwọn burú sí i, nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú lọ́nà mìíràn, bíi 14. Àwọn tó ń padà wá gba àfikún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́ ni àǹfààní yẹn hàn lára wọn, ìyẹn ló ṣe ń ká mi lára táwọn èèyàn bá dá a dúró láàárín.

Lóòótọ́, ẹ lè mọ ẹni tó gbà á tí tiẹ̀ ṣì wọnú ẹran. Kì í ṣiṣẹ́ lára gbogbo èèyàn, àwọn tí tiwọn léwu tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń fún. Ẹ má sá fún kámẹ́rà tí wọ́n ń tì bọ inú àpò ìtọ̀ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, torí tó bá fi hàn pé BCG ò ṣiṣẹ́, wọ́n ṣì lè yọ àpò ìtọ̀ yẹn kí jẹjẹrẹ tó dé ẹran.