Ìgbì inú òòfà: títọ́ ọ sọ́nà ni iṣẹ́

Ẹni tó bá ti gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé itan ní Ìlọrin nínú oṣù kẹta mọ̀ pé kì í ṣe oòrùn nìkan ló ń mú nílùú wa. Nínú ẹ̀rọ yẹn, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń gbé iná ń sáré gba inú wáyà tíntìntín kọjá, wọ́n ń kọlu átọ́ọ̀mù tó wà lójú ọ̀nà, ìkọlù yẹn ló ń di ooru. Bí wọ́n ṣe ń kó tiransísítọ̀, ẹ̀rọ tíntìntín tó ń ṣí iná tó sì ń tì í, púpọ̀ sí i sínú àyè kékeré ni ooru ń pọ̀ sí i, a ó sì tún máa fi iná mìíràn yí fáànù tí yóò fẹ́ ẹ kúrò. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bi mí pé kí ni òòfà ń wá nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ibí yìí ni ìdáhùn mi ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí à ń wá ni ọ̀nà tí iṣẹ́ tí a rán yóò fi dé ibi tó ń lọ láìjẹ́ pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan rin ìrìn àjò.

Nínú irin àti àwọn ìbátan rẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní ipá òòfà kékeré tirẹ̀, tó ń wá láti ara ohun tí à ń pè ní spin. Nínú òòfà, wọ́n tò, wọ́n kọjú síbì kan náà. Bí a bá ti ọ̀kan díẹ̀, yóò máa yípo lójú ibi tó wà, yóò sì fa èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti máa yípo, ìyẹn náà yóò fa ẹnì kejì rẹ̀. Ẹ rántí ìrun Yídì. Èrò máa ń pọ̀ débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá kì í gbọ́ ohùn lèmọ́mù, ẹni iwájú wọn ni wọ́n ń wò. Sáfù àkọ́kọ́ á lọ sí rúkúù, èyí tó tẹ̀ lé e á lọ, títí yóò fi dé ẹ̀yìn. Ẹni tó bá wà lókè yóò rí rúkúù náà tó ń rìn kọjá lórí pápá, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan kò kúrò lórí ẹní rẹ̀. Ìgbì spin nìyẹn. Felix Bloch, onímọ̀ físíìsì, ló kọ́kọ́ ṣe ìṣirò rẹ̀, ní 1930.

Àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe ti ooru nìkan. Ìgbì rédíò tó ń mì ní ìgbà bílíọ̀nù 5 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 6 nínú afẹ́fẹ́. Ìgbì spin tó ń mì ní ìwọ̀n kan náà lè má gùn ju máíkírómítà kan lọ, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Ẹ̀rọ tí a bá fi í ṣe lè kéré gan-an.

Ohun èlò tí ìgbì náà yóò gbà kọjá ṣe pàtàkì, nítorí gbogbo ìgbì spin ló ń rẹ̀ lójú ọ̀nà. Nínú Permalloy, àdàlù níkẹ́ẹ̀lì àti irin, kì í ju máíkírómítà díẹ̀ lọ tí yóò fi kú. Nínú yttrium iron garnet, kírísítálì òòfà kan tí gbogbo wa ń pè ní YIG, ó lè rin ọ̀pọ̀ mìlímítà. YIG kì í jẹ́ kí iná gba inú rẹ̀ kọjá rárá. Wọ́n máa ń mú un hù lórí kírísítálì mìíràn ní pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọn kan sì fẹ́lẹ́ débi pé wọn kò pé ọgọ́rùn-ún nánómítà (ẹgbẹ̀rún nánómítà ló wà nínú máíkírómítà kan).

Ṣùgbọ́n kí ìgbì máa lọ kò tó. Ta ló ń tọ́ ọ? Òòfà tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹlẹbẹ náà ni. Bó bá ṣe lágbára tó ni spin ń yára yípo tó. Ibi tó kọjú sí gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Bí òòfà bá dùbúlẹ̀ bá pẹlẹbẹ, tí ìgbì sì ń dábùú rẹ̀, ìgbì náà yóò lẹ̀ mọ́ ojú kan nínú ojú méjèèjì pẹlẹbẹ. Ẹ dojú òòfà kọ òdìkejì, ìgbì tó ń lọ sí apá kan náà yóò bọ́ sí ojú kejì. Àwọn olùwádìí méjì, Damon àti Eshbach, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1961. Bí ìgbì bá ń bá òòfà lọ ní ìlà kan náà, ohun ìyanu ni: orí ìgbì ń lọ síwájú, agbára tó gbé ń lọ sẹ́yìn. Bí òòfà bá sì wá nàró lórí pẹlẹbẹ, gbogbo ọ̀nà dọ́gba fún ìgbì. Ẹni tó fẹ́ kí ìgbì yà ní kọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ, èyí ìkẹyìn yìí ni n óò ní kó mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fẹ́ òòfà tó lágbára jù.

A tún lè gbẹ́ poro tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé sórí pẹlẹbẹ, kí àwọn ìgbì kan má lè kọjá. Àwọn olùwádìí Chumak, Serga àti Hillebrands ní Kaiserslautern, Jámánì, fi irú poro bẹ́ẹ̀ ṣe tiransísítọ̀ ní 2014: wọ́n rọ́ ìgbì mìíràn sáàárín, ó sì dí èyí tó ń bọ̀ lọ́nà. Nínú ìṣirò, bí ìgbì méjì bá ń gbé orí sókè pọ̀, wọ́n á di ńlá. Bí ọ̀kan bá ń lọ sókè tí èkejì ń lọ sílẹ̀, wọ́n á pa ara wọn. Ẹ jẹ́ kí ìgbì mẹ́ta pàdé, ohùn àwọn méjì tó fẹnu kò ni yóò jáde. Oríta kan ṣoṣo ti ṣe iṣẹ́ tí à bá kó tiransísítọ̀ mélòó kan jọ ṣe.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà tó ń fi ìgbì spin ṣiṣẹ́ ti wà lọ́jà ń purọ́. Ibi tí iná ti ń di ìgbì, àti ibi tí ìgbì ti ń padà di iná, ni agbára ti ń ṣòfò jù, a kò sì tíì borí ìyẹn. Ohun mìíràn kàn wá gbọ̀ngbọ̀n níhìn-ín. Agbára òòfà YIG ń dín kù bí ó bá ṣe ń gbóná sí i, ìwọ̀n tí ìgbì fi ń mì á sì yí padà. Ẹ̀rọ tí wọ́n tò nínú yàrá tútù ní Yúróòpù yóò ṣáko lọ́wọ́ wa nínú ooru Ìlọrin, àyàfi tí ẹnì kan bá ti ro tiwa mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni yẹn jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa.

Kò sì di dandan kí a ní yàrá ìwádìí olówó ńlá kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà wà tó ń ṣe àfarawé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú òòfà. OOMMF, tí NIST, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìwọ̀n ní Amẹ́ríkà, ṣe, ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà lásán sì gbé e. Mumax3 láti Yunifásítì Ghent ní Bẹ́líjíọ̀mù náà ọ̀fẹ́ ni, ó yára jù, àmọ́ ó ń fẹ́ káàdì àwòrán NVIDIA. Ẹ ya pẹlẹbẹ Permalloy kan sínú ọ̀kan nínú wọn, ẹ ta á jí ní ìkángun kan, kí ẹ wo ìgbì náà bó ṣe ń lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ yí òòfà náà ní dígírì 90, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ kọ ìyàtọ̀ tí ẹ rí sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí ìwé kankan.