Kì í ṣe àjàkálẹ̀ àrùn ló sọ Wharram Percy dahoro

Bí èèyàn bá rí àlàpà ṣọ́ọ̀ṣì kan tó dá wà láàárín pápá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ní Black Death ló pa ará abúlé ibẹ̀ tán, àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1348 sí 1349 nì. Wharram Percy ní Yorkshire ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Irọ́ ni, ó sì ń dùn mí, torí pé ó ń bo àwọn tó lé èèyàn kúrò nílé wọn láṣìírí.

Àrùn náà dé ibẹ̀ lóòótọ́, ó sì pa èèyàn. Àmọ́ àwọn tó kù ń dáko, wọ́n ń bímọ, fún nǹkan bí 150 ọdún sí i. Maurice Beresford àti John Hurst ló ṣáájú àwọn awalẹ̀pìtàn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1950 títí di 1990, ohun tí wọ́n sì bá nínú ilẹ̀ fi hàn pé díẹ̀díẹ̀ ni abúlé náà ń dín kù.

Ohun tí àrùn náà ṣe ni pé ó sọ òṣìṣẹ́ di ọ̀wọ́n. Owó iṣẹ́ gbówó lórí, ọkà ò mówó wọlé mọ́, bẹ́ẹ̀ irun àgùntàn ń tà gan-an. Darandaran kan péré lè mójú tó ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń ro. Ìdílé Hilton tó ni ilẹ̀ náà yàn èyí tó lérè: ní nǹkan bí ọdún 1500, wọ́n lé àwọn ìdílé tó kẹ́yìn jáde, àgùntàn sì gba ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba ṣèwádìí irú ìwà yìí ní 1517, ẹjọ́ Wharram wà lára ohun tí wọ́n gbọ́: ilé mẹ́rin ti wó, ohun ìtúlẹ̀ mẹ́rin ti dáwọ́ dúró.

Ẹ wo ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì St Martin, ẹ ó rí bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ. Nígbà tí ìjọ ń dín kù, wọ́n wó ìhà ẹ̀gbẹ́ ilé náà, wọ́n fi òkúta dí àwọn ẹnu ọ̀nà ńláńlá tó já síbẹ̀. Dídí náà ṣì hàn kedere lára ògiri dòní.

Síbẹ̀, párísì náà, ìyẹn àgbègbè tí ṣọ́ọ̀ṣì náà wà fún, ò kú. Àwọn ará Thixendale nítòsí ń fẹsẹ̀ rìn wá jọ́sìn níbẹ̀, kódà títí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn ní 1870. St Martin ò sì ṣíwọ́ ìsìn títí di 1949, ó lé ní 400 ọdún lẹ́yìn tí àgùntàn ti gba abúlé.